Àmín Nìkan Kò Lè Kó Gọ́tà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ààyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí inú ń bí mi láti òru Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, n kò sì rí ibi tí mo lè sọ ọ́ sí mọ́. Ní òru ọjọ́ náà, odò kékeré tí ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ sínú odò Ọ̀nà, níhìn-ín ní Ìbàdàn, kún bo afárá, ó wọ ilé ìjọsìn, ó gbé bẹ́ńṣì, ó gbé aṣọ àwọn akọrin, ó sì bo jẹnẹrétọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwó rà mọ́lẹ̀. Èyí kéré sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òdìkejì títì. Màmá àgbà kan tí ó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ níbẹ̀ dúró lórí tábìlì fún bí wákàtí méjì, omi sì ti mù ún dé orúnkún lórí tábìlì ọ̀hún kí àwọn ọ̀dọ́ tó rí irin ojú fèrèsé fà tu, tí wọ́n sì gbé e jáde.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé a ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó ṣáájú, nígbà ìfilọ̀, mo dìde, mo sọ fún ìjọ pé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti fóòmù àlòkù ti dí abẹ́ afárá pa, pé òjò oṣù yìí kì í ṣe òjò eré, àti pé kí a mú Sátidé kan ṣoṣo kí tọmọdé tàgbà fi kó o. N kò tíì jókòó tán tí ẹni tí ó ń darí ìsìn fi gba gbohùngbohùn, tí ó wí pé, “Kò ní jẹ́ ìpín wa!” Ìjọ dáhùn, “Àmín!” Wọ́n gbé orin lé e, wọ́n sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ aṣọ tí a óò wọ̀ fún ìdúpẹ́ ìkórè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gọ́tà parí sí.

Wolé-wolé ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn àgbà yóò rántí wa: àwa tí à ń yọjú wo àmù ẹlòmíràn, tí à ń wo kòtò ẹ̀yìnkùlé, tí àwọn ìyá sì ń ṣépè fún lẹ́yìn. Mo wà ní ìlú yìí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdá, odò Ògùnpa fi ojú ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀, ó gba àárín ilé àti ọjà kọjá, àwọn tí ó bá a lọ sì ju 100 lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀: omi Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, afárá Àpẹ̀tẹ̀ já, ẹ̀mí tí ó lé ní 100 tún ṣòfò. Oṣù Kẹjọ ni nígbà méjèèjì. Oṣù tí omi ń wá kò pamọ́ fún wa. Ọjọ́ àti wákàtí nìkan ni a kò mọ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ń ka Bíbélì yóò mọ ohun tí Olúwa wí pé kí a ṣe nípa ọjọ́ àti wákàtí tí a kò mọ̀.

N kò dá ìjọ nìkan lẹ́bi. Àwọn ọ̀gá inú ọ́fíìsì ìjọba ń bọ̀ lọ́dọọdún láti fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ilé etí odò, wọ́n á sì wọ mọ́tò wọn lọ. Bí a bá fi máa rí ọdún tí ó tẹ̀lé e, ilé náà ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ta ló fọwọ́ sí i? Wọ́n mọ ara wọn. Lẹ́yìn ìkún omi ọdún 2011, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là láti fi gbógun ti ìkún omi ní Ìbàdàn. A rí afárá tuntun, a rí gọ́tà oníkọnkéré ní àwọn ibì kan, n kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n yàn pé kí ó máa kó ìdọ̀tí inú gọ́tà náà? Àjọ NiMet, tí ó ń wo ojú ọjọ́ fún Nàìjíríà, ń sọ bí òjò yóò ṣe rí lọ́dọọdún, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kì í dé ọ̀dọ̀ ìyá tí ó ń ta èlùbọ́ létí odò àfi ìgbà tí omi bá ti gbé èlùbọ́ náà lọ. Nígbà náà ni àwọn olóyè ìjọba yóò wá dé pẹ̀lú àpò ìrẹsì àti ayàwòrán.

Ṣùgbọ́n ìjọba kò ní ọ̀run lọ́kàn, àwa ni a ní in lọ́kàn, ìdí nìyẹn tí “kò ní jẹ́ ìpín wa” fi ń dùn mí ju ti ìjọba lọ. Mo gbàgbọ́ nínú àdúrà. Òun ni wọ́n fi wò mí dàgbà. Àmọ́ nígbà tí Ọlọ́run fẹ́ gba Nóà là, Ó fún un ní ìwọ̀n: 300 ìgbọ̀nwọ́ ní gígùn, 50 ní ìbú, 30 ní gíga, kí ó sì fi ọ̀dà kùn ún nínú àti lóde. Bí Nóà bá ti dáhùn pé kò ní jẹ́ ìpín òun, tí ó sì wọlé lọ sùn, ta ni ìbá bí wa? Jósẹ́fù gbọ́ ìtumọ̀ àlá láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ó sì kó ìdá kan nínú márùn-ún irè oko pamọ́ fún odindi ọdún méje. Nehemáyà ní orí kẹrin sọ pé àwọn gbàdúrà, àwọn sì yan ìṣọ́ lọ́sàn-án àti lóru. Ẹsẹ kan náà ni méjèèjì wà, n kò mọ ẹni tí ó fún wa láṣẹ láti gé e sí méjì. Òfin Mósè tilẹ̀ pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá kọ́lé tuntun mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa jábọ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá sórí ilé náà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ wolé-wolé. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni.

Àwọn arákùnrin kan sọ fún mi lẹ́yìn ìsìn pé ìmúrasílẹ̀ ti ẹ̀mí ni ó ṣe pàtàkì, pé ẹni tí ó ti wà ní ìmúrasílẹ̀ fún bíbọ̀ Olúwa kò ní bẹ̀rù omi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ tí Jésù pè ní olóòótọ́ ni èyí tí ọ̀gá rẹ̀ dé bá lẹ́nu iṣẹ́, tí ó ń fún ará ilé ní oúnjẹ lásìkò. Bí Olúwa bá dé ní òru Ọjọ́bọ̀ yẹn, Ìyá náà ni ìbá bá lórí tábìlì, àwa ni ìbá bá lórí bẹ́ẹ̀dì. (Ní ti òróró àwọn wúńdíá ọlọ́gbọ́n, tiwa, ìyẹn epo jẹnẹrétọ̀, wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí ṣọ́ọ̀ṣì ní, nítòsí ibi tí wọ́n ń tan àbẹ́là. Kí Ọlọ́run ṣàánú.)

Olóòtú, ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ìjọ etí odò ṣe nìyí. A ní agogo, a sì ní gbohùngbohùn tí kì í jẹ́ kí àdúgbò sùn ní alẹ́ Ẹtì. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n ṣọ́ omi. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan fi ọ̀dà fa ìlà mẹ́ta sára òpó afárá: funfun nísàlẹ̀, ìyeyè láàárín, pupa lókè. Láti oṣù Kẹfà títí di ìparí oṣù Kẹwàá, ní gbogbo òru tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹni méjì máa fi tọ́ọ̀ṣì wo òpó náà, kí a sì máa yí i láàárín ẹgbẹ́ ọkùnrin, ẹgbẹ́ obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́. Bí omi bá kan ìlà ìyeyè, kí wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn àwọn arúgbó, àwọn aláboyún àti àwọn tí kò lè rìn, tí a ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ó bá kan pupa, kí agogo máa dún lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta láìdákẹ́, kí a má sì lu agogo bẹ́ẹ̀ fún ìsìn kankan láé, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìsọjí ni. Kí gbohùngbohùn sọ ọ́ ní Yorùbá pé kí gbogbo ènìyàn gòkè lọ sí ọgbà ilé ìwé, kí wọ́n má ṣe dúró kó ẹrù. Mo ti bá lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí òkè sọ̀rọ̀. Ó ní bí agogo wa bá dún, gbohùngbohùn tiwọn yóò gbè é. Kọ́kọ́rọ́ ilé agogo kò gbọdọ̀ sí lápò ẹnì kan ṣoṣo, nítorí ní òru Ọjọ́bọ̀ yẹn, ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ wà ní Èkó.

Ní ti iná pẹ̀lú, kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn kejì. Kí wọ́n ra ohun ìpaná, kí wọ́n sì pe panápaná wá kọ́ wọn bí a ṣe ń lò ó. Kí ìjọba wó ilé tí wọ́n kọ àmì sí, tàbí kí wọ́n pa àmì náà rẹ́.

Mo ti ra ọ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní Sátidé tí ń bọ̀, ní aago 7 òwúrọ̀, èmi àti ṣọ́bìrì mi yóò wà lábẹ́ afárá náà. Ẹni tí ó darí ìsìn ní ọjọ́sí ti ránṣẹ́ sí mi pé òun yóò wá gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ó mú bàtà òjò dání. Ìyá tí omi ká mọ́lé ṣì wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Mọ́níyà, wọ́n sì ní kò tíì gbà láti padà wálé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Alàgbà ìjọ kan, wolé-wolé àtijọ́,
Ìbàdàn.