Ìyá Ìjerò, nítorí aṣọ orí okùn yẹn

Yèyé mi,

Bẹ́líìtì máṣíìnì ìránṣọ yín já láàárọ̀ yìí. Mo fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ bóyá màá rí òmíràn níbẹ̀, téèpù tí ẹ fi ń wọn ara oníbàárà ni mo bá, tí ẹ fi òwú pupa so níbi tó ti já. Mo jókòó, mi ò lè ṣe nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìyá mi, ẹ tún ń bù fún mi nínú iyán yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo sá àkísà nǹkan oṣù mi sórí okùn, tí àlejò ń bọ̀, ẹ já a lulẹ̀, ẹ sì fi gbá mi lójú. Tútù ni. Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà náà. Ẹ ní kí n lọ tẹ́ ẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò gbẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn rí, Yèyé mi. Tútù ni mo ń lò ó lóṣooṣù, ó ń yún mi, ó ń rùn, mi ò sì lè sọ fún yín. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi ló sọ fún mi pé oòrùn ló ń pa kòkòrò inú irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Páàdì tó ṣeé fọ̀ ni mo ń fi máṣíìnì yín rán ní Adó báyìí. Aṣọ òwú ló kan ara, aṣọ ìnura ló ń mu ẹ̀jẹ̀, èyí tí omi kì í là kọjá wà nísàlẹ̀. Obìnrin mẹ́fà la jọ ń ṣe é. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí ayé ti ń fi sọ̀rọ̀ nǹkan oṣù láti 2014, mo ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé kan máa sá tiwọn síta. Ọ̀kan ní ìyá àgbà òun ò ní gbà. Mo pèsì jẹ.

Ṣé ojú àlejò yẹn lẹ ń tì ni, àbí ẹnì kan ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀yin náà rí? Nígbà tí ẹ wà lórí àìsàn, ọwọ́ mi ni mo fi ń wẹ̀ yín. Mi ò bi yín léèrè.

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, jẹnẹrétọ̀ ń jẹ gbogbo èrè, ìdí nìyẹn tí mo fi padà sídìí máṣíìnì yín tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Mo jẹ àwọn obìnrin náà lówó oṣù kan ààbọ̀. Ọ̀kan kò wá láti ọjọ́ Ajé; wọ́n ní ó ti ń ru yẹ̀pẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Opó ni. Mi ò lè bínú sí i.

Onílé ń bọ̀ wá gba owó ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ yìí. Mo ti ká páàdì tí mo sá síwájú ṣọ́ọ̀bù kó tó dé. Wọn ò tíì gbẹ.