Irinṣẹ́ wo ló yẹ kó wà nínú ọkọ̀ tó ń wọ ọ̀nà oko?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìròyìn. Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ ọkọ̀ la fẹ́ kí ẹ bá wa fi tó àwọn òǹkàwé yín létí. Tí òjò bá ti sọ ọ̀nà oko di ẹrọ̀fọ̀, láti Ìdànrè títí dé Òkè-Ògùn, Hilux àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wọlé lọ kó kòkó, iṣu àti ẹ̀gẹ́ jáde. Ẹ wo ẹ̀yìn ìjókòó ọ̀pọ̀ nínú wọn: jáàkì kan, wíìlì sípánà kan, ṣéènì tó ti dípẹtà. Ẹlòmíì náà á ra àpótí irinṣẹ́ olóríṣi igba, ìdajì ohun tó wà níbẹ̀ ò bá bóòtù kankan mu lára ọkọ̀ rẹ̀. Kò sí fọ́ọ̀kánáísà nínú igbó, kò sì sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó, níbẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń mọ ohun tó yẹ ní gbígbé, kò sì ná ni lówó. Ẹ kó irinṣẹ́ tí ẹ ní sínú àpò kan, kí mẹkáníìkì yín fi àpò yẹn nìkan ṣe sáfíìsì tó ń bọ̀. Ohunkóhun tó bá lọ yá nínú àpótí tirẹ̀, ohun tí àpò yín ò ní nìyẹn. Èyí tí ọwọ́ ò kàn ní sáfíìsì mẹ́ta léra, ẹ yọ ọ́ kúrò, àyàfi tó bá jẹ́ ti pàjáwìrì.

Lára Toyota, sípánà 8, 10, 12, 14, 17 àti 19 (mìlímítà ni a fi ń kà wọ́n) ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Nọ́ọ̀tì táyà Hilux jẹ́ 21. Sípánà 13, 15 àti 16 tí wọ́n fi ń kún àpótí ò fi bẹ́ẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ọkọ̀ ilẹ̀ Jámánì ló máa ń béèrè 13. Ẹ mú 10, 12 àti 14 ní méjì-méjì, torí ọ̀kan ló ń di orí bóòtù mú tí èkejì á máa tú nọ́ọ̀tì. (10 sì rèé, kò sí sípánà tó ń sọnù tó o.) Sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́fà ni kí ẹ rà. Ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjìlá máa ń jẹ etí nọ́ọ̀tì tó bá ti dípẹtà, tí etí bá sì ti jẹ, a ò tún rí i dì mú mọ́ àfi pẹ̀lú vice-grip, ẹ̀mú tó ń há mọ́ nǹkan. Wíìlì sípánà tó bá ọkọ̀ wá kúrú jù fún nọ́ọ̀tì tí fọ́ọ̀kánáísà ti fi páìpù dè pa, nítorí náà ẹ wá ọ̀pá sọ́kẹ́ẹ̀tì tó gùn tó ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà. Kí táyà ṣì wà nílẹ̀ ni kí ẹ ti dẹ nọ́ọ̀tì.

Jáàkì tó bá Hilux wá dára, ìdí rẹ̀ ló kéré. Lórí ẹrọ̀fọ̀, ọkọ̀ ò ní gòkè, jáàkì ni yóò máa rì. Pákó líle tó fẹ̀ ní 30 sẹ̀ǹtímítà sí 30, tó sì nípọn tó 4, ni ìwòsàn rẹ̀. Ẹ fi òkúta tàbí igi dí táyà tó kọjú sí èyí tí ẹ ń gbé sókè, kí ẹ sì gbé táyà ìpamọ́ sílẹ̀ sábẹ́ ṣásí kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́ síbẹ̀. Jáàkì gíga tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà báyìí fẹ́ràn bọ́ńpà onírin. Bọ́ńpà oníke ìgbàlódé ò lè gbà á.

Ohun tí a fi ń dí táyà tó jò, tó ní ọ̀pá onígúngún, ọ̀pá abẹ́rẹ́, okùn rọ́bà àti gúlúù, kò wúwo rárá. Ẹ wo bí ìṣó ṣe dagun kí ẹ tó yọ ọ́, torí ibi tó gbà wọlé ni ọ̀pá gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ ti ọ̀pá onígúngún bọ inú ihò, ẹ fà á jáde, ní ìgbà bíi márùn-ún, kó lè ha ògiri ihò náà. Ẹ fi gúlúù pa okùn, ẹ tì í wọlé títí tó fi ku bíi sẹ̀ǹtímítà kan níta, ẹ fa abẹ́rẹ́ yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gé ìyókù, ẹ da omi ọṣẹ sí i kí ẹ wò ó bóyá ó ń hó. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ló ya, ẹ má dí i; táyà ìpamọ́ ló kàn. Pọ́m̀pù ńlá tó ń lo bátìrì, orí bátìrì gan-an ni kí ẹ so ó mọ́, kí ẹńjìnnì sì máa ṣiṣẹ́. Ojú ibi tí a ń gbà tan sìgá ò lè fún un ní iná tó tó, fíúsì rẹ̀ á jó. Kò burú láti dín afẹ́fẹ́ táyà kù láti 32 psi sí nǹkan bí 20 nínú yanrìn, àmọ́ ẹ fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó bọ́ sórí ọ̀dà.

Sìpírìǹgì ẹ̀yìn ni ẹ̀rù àpọ̀jù ń bá jà jù, ibẹ̀ sì ni irinṣẹ́ ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń tán. Bóòtù àárín ló so ewé sìpírìǹgì pọ̀, orí rẹ̀ ló wọ inú ihò tó wà lórí ásù, ọ̀pá ńlá tó gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Bí yúù-bóòtù, bóòtù títẹ̀ tó de sìpírìǹgì mọ́ ásù, bá dẹ̀, gbogbo wàhálà á bọ́ sí ọrùn bóòtù kékeré yẹn, yóò sì já. Ásù á sún sẹ́yìn, ọkọ̀ á máa rìn ní ẹ̀gbẹ́-ẹ̀gbẹ́ bí akàn. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè ò ju kílàǹpù onírin méjì, ọ̀pá ìgbá-bóòtù, òòlù, ayùn irin àti bóòtù àárín tuntun tí wọ́n ṣe fún sìpírìǹgì. Bóòtù ilẹ̀kùn ò lè dúró. Ẹ sọ ẹ̀rù kalẹ̀, ẹ fi jáàkì gbé ṣásí, ẹ fi kílàǹpù fún ewé pọ̀ kí ẹ tó tú yúù-bóòtù, ẹ gbá èyí tó já jáde, ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́. Nígbà tí ásù bá ń padà, ẹ rí i dájú pé orí bóòtù bọ́ sínú ihò rẹ̀. Ẹ dè yúù-bóòtù ní ìgun-sí-ìgun, kí ẹ sì tún un dè lẹ́yìn àádọ́ta kìlómítà, torí ó máa ń dẹ̀.

Fíúsì: pupa ni áḿpù 10, búlúù ni 15, ìyeyè ni 20, àwọ̀ ewé ni 30. Ẹni tó bá fi 30 rọ́pò 10, wáyà ló fẹ́ fi ṣe fíúsì. Mítà kékeré tí a fi ń wọn iná náà wúlò: bí ẹńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí bátìrì ò sì ka tó fólítì 13, alternator tó ń gba iná sí bátìrì ni kí ẹ wò, ẹ má tíì ra bátìrì. Fún rẹdiétọ̀, omi lítà márùn-ún, kílíìpù hóòsì mẹ́rin àti téèpù rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ ti tó. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó ṣí ìdérí. Bẹ́lítì ẹńjìnnì tí ẹ bọ́ kó tó gbó, ẹ má sọ ọ́ nù, òun ni ìpamọ́ yín. Bí òkúta bá lu táǹkì epo, ọṣẹ ìfọṣọ gbígbẹ tí a fi ra ojú ẹ̀là náà á dí i dé ilé, torí epo kì í yọ́ ọṣẹ. Omi ló ń yọ́ ọ, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò bí òjò bá ń rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí.

Ṣéènì yẹn ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ nílé. Kì í nà, bó bá já, ó ń fò bí ọta. Bẹ́líìtì ìfàmọ́tò tó ń nà àti ṣákù, irin ìsobẹ́líìtì mọ́ ọkọ̀, tí wọ́n kọ 4.75 tọ́ọ̀nù sí lára ló yẹ. Ẹ má so ó mọ́ bọ́ọ̀lù tí a fi ń fa tírélà. Ó máa ń já, ó sì ti pa èèyàn.

Ẹ fi tapólì wé irinṣẹ́, kí ẹ dè é mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò. Tòkunbọ̀ mìíràn máa ń ní nọ́ọ̀tì olókọ́kọ́rọ́ kan lórí táyà kọ̀ọ̀kan, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ti ṣẹ́ kù sí òkè òkun. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó fi nọ́ọ̀tì lásán rọ́pò wọn.

Tiyín ní tòótọ́,
Àwa tí a ń tún ọkọ̀ oko ṣe, Ìsẹ́yìn