Lẹ́tà sí Ṣèyí lórí iṣẹ́ ìgbà ìsinmi

Leeds, England.
Ọjọ́ 11, Oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Ṣèyí ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn láti gbọ́ pé ara rẹ le àti pé òtútù Aberdeen ti ń dínkù díẹ̀díẹ̀. O ní kí n bá ọ wá iṣẹ́ sí Leeds níhìn-ín láti oṣù Kẹfà títí di oṣù Kẹsàn-án, kí àwa méjèèjì lè jọ máa lọ sí ilé ìkẹ́rùsí tí mo ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi ọdún tó kọjá, kí o máa ṣe ogójì wákàtí lọ́sẹ̀, kí o sì fi owó rẹ̀ san èyí tó kù nínú owó ilé-ìwé rẹ. Mo mọ ohun tó ń lé ọ léré. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rárá, ó yẹ kí n sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bọ̀ láti ilé kì í tètè gbọ́: ìsinmi tèmi kì í ṣe ìsinmi tìrẹ.

Oyè àkọ́kọ́ ni èmi ń kàwé fún. Bí ilé-ìwé wa bá ti wọ ìsinmi ní oṣù Kẹfà, n kò ní kíláàsì, n kò sì jẹ ilé-ìwé ní iṣẹ́ kankan títí wọn yóò fi wọlé padà, ìdí nìyẹn tí físà akẹ́kọ̀ọ́ fi gbà mí láyè láti ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ lásìkò náà. Oyè kejì ọlọ́dún kan ni tìrẹ. Àwọn oṣù tí o rí tí ọgbà ilé-ìwé ń dá páropáro yẹn gan-an ni wọ́n yà sọ́tọ̀ kí o fi kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ, àkókò ẹ̀kọ́ ni òfin sì kà á sí. Ogún wákàtí lọ́sẹ̀ ni o lè ṣe, kò gbọdọ̀ lé. Láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ka ọ̀sẹ̀. A kì í fi ọ̀sẹ̀ tí a ṣe mẹ́wàá dí ọ̀sẹ̀ tí a ṣe ọgbọ̀n, bí iṣẹ́ bá sì jẹ́ méjì, àpapọ̀ wọn ni. Àwọn kan yóò sọ fún ọ pé kò sẹ́ni tó ń ka wákàtí. Irọ́ ni. Owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ rẹ ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba pẹ̀lú orúkọ rẹ àti iye tí o gbà, físà tó sì bà jẹ́ nítorí wákàtí márùn-ún kò ṣeé fi owó ilé ìkẹ́rùsí tún rà.

Nítorí náà, lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, kí o gba lẹ́tà tó sọ ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí yóò parí, àti àwọn ọjọ́ tí wọ́n kà sí ìsinmi fún ẹ̀ka tìrẹ gan-an. Agbanisíṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ rí i kó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Ẹ̀yìn tí ẹ̀kọ́ rẹ bá parí pátápátá, tí físà rẹ ṣì ku oṣù mélòó kan, ni o lè ṣiṣẹ́ ní kíkún. Àsìkò yẹn ni kí o fi ọkàn sí, kì í ṣe oṣù Keje.

Ogún wákàtí náà kò kéré ṣá o. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025 yìí, £12.21 ni owó tó kéré jù lọ tí wọ́n lè san fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 fún wákàtí kan, tí ogún wákàtí yóò sì fún ọ ní £244.20 lọ́sẹ̀. Ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò bá ju £12,570 lọ lọ́dún kì í san owó orí, bẹ́ẹ̀ sì ni £242 lọ́sẹ̀ ni owó National Insurance, owó ìbánigbófò tí ìjọba ń yọ lára owó iṣẹ́, ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé kọ́bọ̀ díẹ̀ ni wọn yóò yọ lára tìrẹ. Bí wọ́n bá yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wo kóòdù owó orí tó wà lórí ìwé owó iṣẹ́ rẹ. 1257L ló yẹ kó jẹ́. Bí o bá rí BR níbẹ̀, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gé lára gbogbo rẹ̀. Kọ̀wé sí HMRC, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó orí, wọn yóò dá èyí tí wọ́n gbà jù padà. Owó ìsinmi náà tọ́ sí ọ, kódà kí iṣẹ́ náà má ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, má sì jẹ́ kí ẹ́jẹ́ńsì kankan ṣe bí ẹni pé kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ibo ni kí o wá a sí? Nílé, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ bá ti ilé-ìwé pa, ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa la kọ́kọ́ ń sáré lọ: ẹ̀gbọ́n kan á mọ agbaṣẹ́ṣe kan tó ń kọ́lé, a ó ru búlọ́ọ̀kù, a ó po kọnkéré, bí lébìrà bá ju agbára wa lọ, a ó kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ fún lẹ́sìn. Níhìn-ín, ẹ̀gbọ́n ẹni lè sọ fún ni pé iṣẹ́ ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè múni wọlé. Kóòdù ni wọ́n ń béèrè, èyí tí o máa gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti inú àkáǹtì eVisa rẹ (físà orí íntánẹ́ẹ̀tì), tí lẹ́tà W ń bẹ níwájú rẹ̀, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Nọ́ńbà National Insurance náà ọ̀fẹ́ ni lọ́wọ́ ìjọba, o sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó dé. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o mú owó wá kí òun tó bá ọ wáṣẹ́ ń lu jìbìtì; òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1973 kò fàyè gba ẹ́jẹ́ńsì láti gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́.

Ilé-ìwé rẹ ni kí o kọ́kọ́ wá iṣẹ́ sí, nítorí pé àwọn ló mọ òfin físà jù, wọn kì í sì í fẹ́ ta ọ́ lẹ́sẹ̀. Ní oṣù Keje, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa júwe ìjókòó níbi ayẹyẹ ìgboyè. Ní oṣù Kẹjọ, tí èsì ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé girama bá jáde, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti máa gbé fóònù àwọn tó ń wá àyè. Ọjọ́ díẹ̀ ni iṣẹ́ náà, ẹnu dídùn tí o ní sì bá a mu. Lẹ́yìn èyí, wo àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Ní Scotland, iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ń béèrè ìwé PVG, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá ènìyàn ti hu ìwà ọ̀daràn rí, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí. Oko strawberry àti raspberry wà ní apá Angus, ní ìsàlẹ̀ ọ̀dọ̀ yín, ṣùgbọ́n wákàtí wọn gùn, ìrìnnà rẹ̀ sì nira, n kò ní rọ̀ ọ́ síbẹ̀.

Èyí tí n óò bẹ̀ ọ́ pé kí o sá fún ni gbígbé oúnjẹ kiri lórí kẹ̀kẹ́. Àwọn tó ń ṣe é ni òfin kà sí ọ̀gá ara wọn, físà akẹ́kọ̀ọ́ kò sì fàyè gba ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń háyà àkáǹtì ẹlòmíràn, orúkọ ẹlòmíràn lórí fóònù, ojú tiwọn lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà. Owó tí wọ́n ń rí kò tó ìjàǹbá tó wà níbẹ̀.

CV rẹ tí o fi ránṣẹ́ dára fún Ìbàdàn, kò dára fún ibí. Yọ fọ́tò, ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn, ìpínlẹ̀ tí o ti wá àti bóyá o ti gbéyàwó kúrò nínú rẹ̀. Wọn kò nílò wọn, àwọn agbanisíṣẹ́ mìíràn kò tilẹ̀ fẹ́ rí wọn. Iṣẹ́ tí o ṣe ní ṣọ́ọ̀bù màmá rẹ ni kí o kọ dáadáa, bí o ti ń ka owó, bí o ti ń ṣírò ọjà, nítorí pé iṣẹ́ ni.

Ní ti owó ilé-ìwé, jẹ́ kí n sọ òótọ́: ogún wákàtí lè san owó ilé àti oúnjẹ, kò lè san ìyẹn. Lọ bá ọ́fíìsì owó wọn kí o béèrè bóyá wọ́n lè pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ọjọ́ tó kọjá. Fi CV tuntun náà ránṣẹ́ sí mi kí n kà á kó tó jáde. Bá mi kí Màmá nígbà tí o bá pè wọ́n.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Dámilọ́lá.