Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi aránṣọ ní Abẹ́òkúta

Houston, Texas

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín púpọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Àlàáfíà ni èmi àti àwọn ọmọ wà. Nígbà tí a jọ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ẹ béèrè irú iṣẹ́ aránṣọ tí mò ń lọ ṣe ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tí ẹnikẹ́ni kì í san kọ́bọ̀ fún wa lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ tán lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́, nítorí pé mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín.

Kúìltì ni à ń rán. Kúbùsù ni, ìrépé aṣọ tí a tò pọ̀ ni ojú rẹ̀, a ó tẹ́ òwú fẹ́lẹ́ sí àárín, a ó fi odindi aṣọ ṣe ẹ̀yìn, a ó sì rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Àwọn ọmọdé tó ń ṣàìsàn ni a ń kó wọn fún. Ní ọdún 1995, obìnrin kan tó ń jẹ́ Karen Loucks, ní ìpínlẹ̀ Colorado, ka ìtàn ọmọbìnrin kékeré kan tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, tí kúbùsù rẹ̀ jẹ́ ìtùnú fún un ní gbogbo àkókò tó ń gba ìtọ́jú líle. Obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò kúbùsù fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́jú jẹjẹrẹ wọn ní ìlú Denver, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Project Linus tí à ń rán kúbùsù fún ti ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò pọ̀: kí kúbùsù jẹ́ tuntun, kí ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí ó sì ṣeé fọ̀. Ọmọ tó bá ti gbà á, tirẹ̀ ni, ilé ìwòsàn kò ní gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ló wú mi lórí jù, torí pé gbogbo nǹkan yòókù tó wà lára bẹ́ẹ̀dì ọmọ bẹ́ẹ̀, ti ilé ìwòsàn ni.

Kì í ṣe gbogbo wa ló ń rán odindi kúìltì. Búlọ́ọ̀kù ni ọ̀pọ̀ wa ń rán, ìyẹn ojú kọ̀ọ̀kan tí a ó tò pọ̀ di kúbùsù, àwọn mìíràn sì ń rán tiwọn láti ilé, a kì í rí ojú wọn rárá. Nítorí náà, ìwọ̀n ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Ẹ wo èyí tó rọrùn jù: ẹ gé ìrépé mẹ́sàn-án, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 4½ ní ìbú àti ní gígùn, ẹ tò wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí ojú rírán kọ̀ọ̀kan sì jẹ ìdámẹ́rin íǹṣì péré lára ìrépé méjèèjì tó so pọ̀. Búlọ́ọ̀kù yẹn yóò jẹ́ íǹṣì 12½, tí a bá sì ti rán an mọ́ àwọn yòókù, yóò di 12 géérégé. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin máa ń fi àyè sílẹ̀ nínú búláòsì kí ẹ lè tú u bí oníbàárà bá sanra, ṣùgbọ́n níhìn-ín kò sí àyè kankan. Bí ẹsẹ̀ máṣíìnì bá fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì jẹ aṣọ jù, búlọ́ọ̀kù náà yóò fi ìdámẹ́rin íǹṣì kéré, bí mẹ́ta irú rẹ̀ bá sì wà ní ìlà kan, ìlà náà kò ní bá èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ mu mọ́. Màmá àgbà kan wà láàárín wa tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó gbé rúlà onígíláàsì lé búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, kí ó fi ìka tọ etí rẹ̀ yí po, kí ó sì yọ èyí tó bá kéré sọ́tọ̀ fún kúbùsù ìkókó. Kì í bá ẹnikẹ́ni wí.

Ohun tó tún ń dùn mọ́ mi ni pé a kì í já òwú láàárín. Bí a bá ti rán méjì pọ̀ tán, a ó ti méjì mìíràn bọ abẹ́ abẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọn yóò sì so kọ́ ara wọn lẹ́yìn máṣíìnì bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, kí a tó wá fi àlùmọ́gàjí gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fẹ́ lọ̀ ọ́, ẹ tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn ni, ẹ má wọ́ ọ, kí ó má baà fà. Ní ìlà kìíní àti ìkẹta, ẹ yí etí ojú rírán síta, ní ti àárín, ẹ yí i sínú, oríta wọn yóò sì bá ara wọn mu dáadáa.

Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ti ń fi aṣọ oko tó ti gbó ṣe irú kúbùsù yìí tipẹ́tipẹ́ kí òtútù má baà pa ọmọ wọn, ní ọdún 2002 sì ni wọ́n pàtẹ iṣẹ́ wọn ní ilé ọnà ńlá tó wà ní Houston níbí. Ẹ̀yin náà tí ẹ ti ń rí ìrépé lára agọ̀ egúngún láti kékeré, iṣẹ́ yìí kò ní ṣàjèjì sí yín.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Àpò ìrépé ankara tó máa ń kún ní ṣọ́ọ̀bù yín, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń rọ sínú ìrọ̀rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi rán búlọ́ọ̀kù fún wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín, kí ó lè dé ọwọ́ wọn kí ọyẹ́ tó dé. Búlọ́ọ̀kù 12, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́rin ní gígùn, ti tó ọmọ kan. Nítorí ooru, ẹ má fi òwú sí àárín, aṣọ fẹ́lẹ́ kan ti tó. Ẹ kọ́kọ́ fọ ankara náà kí sítáàṣì jáde kí ó sì sún kì tán. Bí ẹ bá rí ìrépé àdìrẹ láti Ìtokù, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi yóò fi mọ́, kí aró má baà ràn mọ́ ara ọmọ. Ẹ má ṣe da léèsì tàbí sátíìnì pọ̀ mọ́ ọn. Kí ẹ sì fi ọwọ́ yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí píìnì kankan má ṣẹ́kù síbẹ̀.

N ó fi rúlà ránṣẹ́ nípasẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ wálé. Kí wọ́n tó gé púpọ̀, ẹ rán ẹyọ kan, ẹ na téèpù lé e, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sí mi lórí WhatsApp.

Ẹ bá mi kí Màmá àti gbogbo ọmọ iṣẹ́.

Èmi ni àbúrò yín,
Mojí