Ẹ Má Pe Ìdákẹ́jẹ́ Ní Àlàáfíà: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Ń Ṣe Ìwádìí àti Iṣẹ́ Ìlàjà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbèrò láti kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú yín ló jẹ́ kí n mú kálàmù lónìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ tó lọ́pọlọ ni, iṣẹ́ kì í sú u, ó sì ní ojú àánú. Ó lọ ṣe ìwádìí ní àdúgbò kan tí ìjà ti rọlẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ó ka iye ẹni tí ìjà pa, kò rí ẹyọ kan; ó ka iye ìpàdé tí àwọn olùlàjà ṣe, ó rí i pé wọ́n pọ̀; ó sì kọ ìjábọ̀ olójú ewé 60 pé àlàáfíà ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó gbé owó iṣẹ́ náà kalẹ̀ yìn ín. Nígbà tó padà lọ ka ìjábọ̀ náà sí àwọn ará ibẹ̀ létí, wọ́n gbọ́ ọ dé ìdajì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, láìbú u, láìpariwo, títí ó fi ku òun nìkan pẹ̀lú àwọn àga. Ní òru ọjọ́ náà ló pè mí, ó ń sunkún, ó ní òun kò ṣe iṣẹ́ yìí mọ́.

Ẹkún rẹ̀ dùn mí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló dẹ́rù bà mí. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé kò sí àṣìṣe kankan nínú ìṣirò rẹ̀. Bí a ṣe kọ́ ọ gan-an ló ṣe é. Ìyẹn ni pé àwa tí a kọ́ yín ti kọ́ yín láti máa pe ìdákẹ́jẹ́ ní àlàáfíà, ẹ sì ti mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ.

Kì í ṣe pé a kò gbọ́ ìkìlọ̀. Ní 1959, Johan Galtung, onímọ̀ ọmọ Norway, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé ìwádìí àlàáfíà sílẹ̀ ní Oslo, olú-ìlú Norway, nígbà tó sì di 1964 ó ti ń kọ̀wé pé ọ̀tọ̀ ni àlàáfíà tí kò ju àìsí ogun lọ, ọ̀tọ̀ sì ni èyí tí àwọn ènìyàn fi ń gbé pọ̀ tí wọ́n sì jọ ń kọ́lé ayé wọn. Ní 1969 ó fi àpẹẹrẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣàlàyé ìwà ipá tó fara sin sínú ètò àwùjọ: bí àrùn náà bá pa ènìyàn ní igba ọdún sẹ́yìn, nígbà tí kò sí oògùn, kò sí ẹni tí a lè bá wí, ṣùgbọ́n bí ó bá pa á lónìí, tí oògùn wà láyé tí kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìwà ipá ti wọ ọ̀rọ̀ náà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo yín lẹ mọ èyí. Ẹ ti fi yege ìdánwò. Kí ló wá dé tí ẹ bá ti dé ojú iṣẹ́ tí ẹ ń gbàgbé rẹ̀ pátápátá, tí ẹ ń wá òkú kiri láti kà?

N kò bá kíkà jà. Àwọn oníwádìí ní Uppsala, ní Sweden, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ka àwọn tí ogun ń pa káàkiri ayé, bí kì í bá sì í ṣe tiwọn, ọ̀pọ̀ ogun ni ayé ìbá ti gbàgbé. Ìlànà wọn ni pé ìjà gbọ́dọ̀ pa ó kéré tán ènìyàn 25 láàárín ọdún kan kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ wọn. Wọ́n ní ìdí tiwọn, ó sì bá iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mú òdo inú àkọsílẹ̀ náà tí ẹ sọ ọ́ di àlàáfíà, ta ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀? Òdo kò sọ ju pé wọn kò rí òkú tó tó kà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí yín, mo wà lára àwọn tó làjà láàárín ìdílé méjì tí wọ́n ti fi ọdún mẹ́fà jà lórí ilẹ̀. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, a ya fọ́tò, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi pé iṣẹ́ ti parí. Obìnrin àgbàlagbà kan wà ní ìjókòó ẹ̀yìn tí kò la ẹnu láti òwúrọ̀. Ó kàn ń fi ìka ká etí ìborùn rẹ̀ ni, ó ń ká a, ó ń tú u. Mo rí i. Ṣùgbọ́n kò sí àyè tí mo lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni mo gba ibẹ̀ kọjá, mo sì yà kí i. Ilẹ̀kùn tó kọjú sí ilé kejì, èyí tí àwọn ọmọ ilé méjèèjì ń gbà lọ bá ara wọn ṣeré rí, wọ́n ti fi pákó mẹ́ta kàn án pa. Ìṣó rẹ̀ ṣì ń dán. Lẹ́yìn tí a tọwọ́ bọ̀wé ni wọ́n kàn án. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní: “Nígbà tí à ń jà, mo mọ ohun tí wọ́n ń rò, nítorí wọ́n ń pariwo rẹ̀. Ní báyìí tí gbogbo ilé dákẹ́, n kò mọ nǹkan kan mọ́.”

Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láti ìgbà náà, àwọn pákó yẹn kò kúrò lójú mi.

Ẹ má rò pé ilé kan ṣoṣo ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Àdéhùn Dayton fi òpin sí ogun Bosnia, ní Yúróòpù, ní 1995, ohun ńlá sì ni; ẹni tó bá fojú tín-ín-rín rẹ̀ kò mọ ohun tí ogun ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Síbẹ̀, lẹ́yìn ogun, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ilé ẹ̀kọ́ méjì lábẹ́ òrùlé kan, níbi tí àwọn ọmọ Croat àti àwọn ọmọ Bosniak, ẹ̀yà méjì lára àwọn tó jagun náà, ti ń gba ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọlé, tàbí kí àwọn kan wá láàárọ̀ kí àwọn yòókù wá lọ́sàn-án, ìtàn tí wọ́n sì ń kọ́ wọn kò dọ́gba. Ní Belfast, ní Northern Ireland, ògiri gíga ṣì la àdúgbò Kátólíìkì àti ti Protestant láàárín lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1998. Ní 2013, ìjọba ibẹ̀ pinnu pé kí gbogbo wọn ti wó kí ó tó di 2023. Ọdún náà dé, ó kọjá lọ, ògiri ṣì dúró. Ògiri àlàáfíà ni wọ́n ń pè wọ́n! Kí ẹ tó sì sáré dá wọn lẹ́bi, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà ni kò tíì fẹ́ kí ó wó, nítorí pé òun ló ń jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ṣé ẹ ti bi í?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí àwa ń lò fúnra wa. Láti inú èdè Lárúbáwá ni “àlàáfíà” ti wá bá wa, níbẹ̀, ìlera àti ara líle ló túmọ̀ sí; ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń lò fún òdìkejì ogun. Bí a bá bi ara wa pé ṣé àlàáfíà ni, a kò béèrè bóyá ẹnìkan yìnbọn ní àná. Ara, ọmọ, oorun àti ọkàn là ń béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè yìí láti kékeré, báwo lẹ ṣe wá ń kọ ìjábọ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí?

Àwọn kan ti gbìyànjú láti gba ibẹ̀ yẹn wọlé. Àwọn oníwádìí àlàáfíà méjì, Pamina Firchow àti Roger Mac Ginty, lọ bi àwọn ará abúlé ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi Uganda àti South Africa pé kí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ara rọ̀ wọ́n. Àwọn ènìyàn kò sọ̀rọ̀ àdéhùn tàbí ìbò. Lára ohun tí wọ́n mẹ́nu bà ni bóyá ajá ń gbó lóru, nítorí ajá tó ń gbó lè túmọ̀ sí pé àjèjì ń rìn ká. Kò sí ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì tó lè jókòó ro ìyẹn.

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ fọ́ọ̀mù yín, ẹ lọ láìmú un dání ná. Bí wọ́n bá fún yín ní oṣù mẹ́ta fún iṣẹ́ ọdún kan, ẹ sọ fún wọn pé kò tó, kí ẹ sì sọ ọ́ kí ẹ tó gba owó. Ẹ má ka aáwọ̀ sí àìsàn: ibi tí àwọn ènìyàn ti ń bá ara wọn jiyàn gbangba lè sàn ju ibi tí gbogbo wọn ti ń wo ilẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) ti ṣe ìpinnu kan, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1325, láti ọdún 2000 pé kí àwọn obìnrin ní ipò níbi tí wọ́n bá ti ń parí ìjà, síbẹ̀ mo ṣì ń rí ìjábọ̀ yín níbi tí obìnrin ti jẹ́ iye lásán nínú àtẹ. Ìjókòó ẹ̀yìn ni kí ẹ máa kọ́kọ́ lọ. Ẹ sì bò orúkọ ẹni tó bá tú àṣírí fún yín, nítorí ẹ̀yin yóò padà sílé yín, òun yóò ṣì máa gbé ibẹ̀.

Ó ń dùn mí tí mo bá ń sọ̀rọ̀ líle sí yín, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ń bẹ̀rù. Mo bẹ̀rù pé ẹ óò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ibì kan le, àwọn aláṣẹ yóò kà á, wọn yóò kó owó àti olùlàjà kúrò níbẹ̀, àwọn tó ń kan pákó mọ́ ilẹ̀kùn kò sì ní rí ẹni bi wọ́n léèrè mọ́.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti padà síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, láìsí ìjábọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pè mí lánàá pé òun ti jókòó sí àgbàlá ọkùnrin tó kọ́kọ́ dìde lọ ní ọjọ́ náà fún ọjọ́ mẹ́rin, pé ọkùnrin náà kò tíì sọ ju “káàárọ̀” lọ, ó sì bi mí bóyá kí òun máa bọ̀ nílé. Mo ní kí ó dúró.

Èmi ni,
Bàbá yín nínú iṣẹ́ yìí