Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ nípa ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀

Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àlejò tí ó wà nínú rẹ tí a kò tíì rí. Ara wa le níbí. Ìyá rẹ ti yan ẹja àrọ̀ tí ó rà ní ọjà Òlúwó, ó sì ń wá ẹni tí yóò bá a gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ. Àbúrò rẹ ti san owó ìdánwò JAMB rẹ̀. A kò sì ní iná láti ọjọ́ tí òjò ti wó òpó ẹ̀yìn ilé. Ìròyìn ilé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó mú mi jókòó ti ìwé àti kálàmù ní àkókò yìí tí gbogbo ayé ń fi fóònù sọ̀rọ̀.

Ní Ọjọ́rú tí ó kọjá, níbi ìsìn àdúrà, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ mi lẹ́nu akọ̀wé ìjọ. Ó ka ẹ̀bẹ̀ àdúrà bí ó ti máa ń kà á, ó ka ti ẹni tí ó ń wá iṣẹ́, ó ka ti ẹni tí ẹjọ́ ilẹ̀ rẹ̀ wà ní kóòtù, lẹ́yìn náà ni ó ní kí a pe orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ọmọ Alàgbà wa tí ó wà ní Ìlú Ọba, tí àwọn dókítà fẹ́ fi ọ̀bẹ kàn, kí Ọlọ́run sọ ìmọ̀ wọn di asán. Gbogbo ìjọ yíjú wò mí. Mo pe Jésù pẹ̀lú wọn, kí ni ǹ bá tún ṣe? Nígbà tí a délé, mo bi ìyá rẹ, ó ní òun rò pé o ti sọ fún mi. Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o rò pé ìyá rẹ ti sọ fún mi ni, àbí ẹ̀yin méjèèjì ti mọ ohun tí n óò wí tẹ́lẹ̀?

Inú bí mi, n kò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí n kò rí oorun sùn, mo rí i pé ẹ̀rù ni ó ń bà mí. Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù, Àbẹ̀kẹ́.

Mo mú ohun tí ìyá rẹ sọ fún mi, pé ibi ọmọ dí ojú ọ̀nà, pé àwọn dókítà fẹ́ là ọ́ gbé ọmọ jáde, pé o kò sì gbà, lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ní àdúgbò wa. Ó ní bí sikáànì ọsẹ̀ 20 bá fi hàn pé ibi ọmọ wà nísàlẹ̀, kò yẹ kí ènìyàn tìtorí rẹ̀ gbé ọwọ́ lérí, nítorí pé bí ilé ọmọ ṣe ń tóbi sí i ni ibi ọmọ máa ń gòkè kúrò lójú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn aboyún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un wò ní ọsẹ̀ 32, tí wọ́n á sì tún wò ó ní nǹkan bí ọsẹ̀ 36 bí kò bá tíì kúrò. Tìrẹ ṣì bo ẹnu ilé ọmọ pátápátá ní ọsẹ̀ 32. Ó ní irú èyí dà bí ìgbà tí ènìyàn gbé àpótí dí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ilé ní: bí ẹnu ilé ọmọ bá ti ń ṣí, ibi ọmọ yóò máa ya kúrò níbi tí ó lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ sì ni oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ti ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ tí yóò tẹ̀lé e lè gba ẹ̀mí ìyá, ó lè gba ti ọmọ, ó lè gba ti àwọn méjèèjì. Kò sí agbẹ̀bí tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ìbáà ṣe dúdú, ìbáà ṣe funfun, tí yóò ní kí irú aboyún bẹ́ẹ̀ máa dúró de ìrọbí. Láàárín ọsẹ̀ 36 sí 37 ni wọ́n sábà máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà, kí ìrọbí tó dé fúnra rẹ̀.

Mo bi í bóyá àdúrà lè gbé e kúrò. Ọmọ ìjọ ni òun náà. Ó ní kí ẹ máa gbàdúrà, kí ẹ sì lọ wò ó ní ọsẹ̀ 36. Bí ó bá ti kúrò, dókítà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Bí kò bá sì kúrò, kí ẹ má fi ẹ̀mí ènìyàn dán Ọlọ́run wò.

O sọ fún ìyá rẹ pé bí obìnrin Hébérù ni ìwọ yóò ṣe bí. Mo fẹ́ràn àdúrà náà, èmi fúnra mi ti gbà á fún aboyún púpọ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni bàbá rẹ, mo sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n ka ẹsẹ tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé. Ṣí ìwé Ẹ́kísódù orí kìn-ín-ní. Fáráò ti pàṣẹ fún Ṣífírà àti Púà, àwọn agbẹ̀bí, pé kí wọ́n máa pa ọmọkùnrin tí àwọn Hébérù bá bí. Wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, wọn kò pa wọ́n. Nígbà tí ọba sì pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n ní ara àwọn obìnrin Hébérù yá, wọ́n ti ń bí kí agbẹ̀bí tó dé. Èsì tí obìnrin méjì fi gba ọmọ aláìmọ̀kan lọ́wọ́ ìkà ọba ni a sọ di àdúrà, kò sì burú. Ṣùgbọ́n wo ẹni tí ẹsẹ tí ó tẹ̀lé e sọ pé Ọlọ́run ṣe rere fún. Àwọn agbẹ̀bí ni, Ó sì kọ́ ilé fún wọn. Rákélì ńkọ́? Ààyò Jákọ́bù, ẹni tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ṣí inú rẹ̀, lójú ọ̀nà Éfúrátà ni ó ti rọbí, agbẹ̀bí ń sọ fún un pé kí ó má bẹ̀rù, ọmọ dé, ìyá lọ. Ta ni yóò sọ lójú mi pé ìgbàgbọ́ Rákélì ni ó kéré?

Ohun kan kù tí ó yẹ kí n ti sọ fún ọ kí o tó lọ́kọ. Ẹ̀rí ìyá rẹ tí o gbé ara lé yìí kò pé.

Láti kékeré ni o ti ń gbọ́ ọ. Bí ìdúpẹ́ àwọn ìyá bá ti dé, ìyá rẹ a dìde sọ bí òun ṣe bí ọ ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ, láìsí dókítà, láìsí abẹ́rẹ́, pẹ̀lú omi àdúrà àti Sáàmù, wẹ́rẹ́ bí obìnrin Hébérù, èmi náà a sì máa ṣe Àmín láti ìjókòó àwọn alàgbà. Òtítọ́ ni pé wẹ́rẹ́ ni o wọlé ayé. Ohun tí ẹ̀rí náà kò sọ ni pé nígbà tí o dé tán, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Mo rí i tí ó rin ẹní, tí ó kọjá ẹní dé orí sìmẹ́ǹtì. Ìyá agbẹ̀bí ní kí a wá ọkọ̀, ṣùgbọ́n wòlíì tí ó wà níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà ní òun rí àwọn ọ̀tá tí wọ́n dúró lójú ọ̀nà, kí a mú sùúrù kí ilẹ̀ mọ́. Àbẹ̀kẹ́, mo dúró. Èmi tí mo ka ìwé, tí mò ń wo ojú ìyá rẹ bí ó ti ń ṣú, mo dúró, nítorí pé n kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé àìnígbàgbọ́ ọkọ ni ó ba iṣẹ́ ìyanu jẹ́. Ìgbà tí kò dá mi lóhùn mọ́ ni mo tó sá jáde. Alhaji aládùúgbò wa ni ó fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa dé ọsibítù ìjọba, òun náà ni ó sì na apá kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ nígbà tí tèmi kò bá ti ìyá rẹ mu. O máa ń bi mí ìdí tí adìyẹ Kérésì fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ilé Alhaji kí a tó gbé ti ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ tí ìyá rẹ kọ́kọ́ jẹ́rìí, mo rò pé yóò sọ ọ́ tán. Kò sọ ọ́ tán, èmi náà kò sì ràn án lọ́wọ́. Báyìí ni àwọn aboyún mìíràn ṣe ń gbọ́ ìlàjì ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, tí wọ́n ń ṣe Halelúyà, tí ọmọ tí a torí rẹ̀ jẹ́rìí sì wá fẹ́ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tì í lẹ́yìn. Má torí èyí bá ìyá rẹ jà. Mo sọ fún un pé n óò kọ ọ́ sí ọ, ó sunkún, kò sì ní kí n má kọ ọ́. Mo tún ti lọ bá akọ̀wé ìjọ pé kí ó yí ẹ̀bẹ̀ náà padà, kí ó máa kà á pé kí Ọlọ́run tọ́ ọwọ́ àwọn dókítà.

Wàyí o, mo gbọ́ pé ìwọ àti ìyá rẹ ń gba ààwẹ̀, láìmu omi títí di ìrọ̀lẹ́. Ta ni ó rán ọ? Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ lè yọ lára rẹ̀ nígbàkígbà, tí ó yẹ kí ó máa jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹran kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè kún, ni ó ń fi ebi pa ara rẹ̀ àti ọmọ inú rẹ̀! Jẹun lónìí. Bí ìjọ bá ní ààwẹ̀ kù nílẹ̀, èmi yóò gbà á fún ọ. Ọjọ́ ogbó kò ní kí ènìyàn má fo oúnjẹ.

O tún sọ pé àwọn dókítà ibẹ̀ kì í gbọ́ ti aláwọ̀ dúdú. N kò lè sọ pé irọ́ ni o pa. Ìwádìí tí wọ́n ń gbé jáde ní Ìlú Ọba lórí ikú àwọn ìyá ti fi hàn láti ọdún mélòó kan wá pé iye obìnrin dúdú tí ó ń kú nínú oyún àti lẹ́yìn ìbímọ, bí a bá fi wé ti obìnrin funfun, ju ìlọ́po méjì lọ. Nítorí náà, má jẹ́ kí ìtìjú pa ọ́ lẹ́nu mọ́. A kọ́ ọ ní ilé pé kí o má ṣe já àgbà lóhùn. Ní yàrá dókítà, gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé yẹn díẹ̀. Bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ṣe é, ẹni tí yóò ṣe é, àti bóyá wọ́n ti pèsè ẹ̀jẹ̀ tí ó bá tìrẹ mu sílẹ̀. Bí èsì kò bá yé ọ, tún bi wọ́n, kí ọkọ rẹ sì wà níbẹ̀ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àṣírí ara kì í ṣe ohun tí a ń pa mọ́ fún agbẹ̀bí.

Ohun tí ó ń dẹ́rù bà mí jù ni pé wọn kò ní fi ipá mú ọ. Níbí, ọkọ tàbí bàbá ni wọ́n sábà máa ń ní kí ó fọwọ́ síwèé; níbẹ̀, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni la obìnrin tí orí rẹ̀ pé bí kò bá gbà, kódà bí ọmọ inú rẹ̀ bá wà nínú ewu. Bí o bá ní rárá, rárá ni. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé yìí sí ọ, tí n kò kọ ọ́ sí ọkọ rẹ.

Iṣẹ́ abẹ náà kò sì ní mú ọ kúrò níwájú Ọlọ́run. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń lò, ìsàlẹ̀ ara yóò kú, ojú yóò là, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ọkọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ìyàwó rẹ̀. O lè máa kọrin. Ohùn rẹ dára láti ìgbà tí o ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé. Àwọn ọsibítù wọn ní àlùfáà tí aláìsàn lè ní kí wọ́n pè wá gbàdúrà fún òun. Ẹni tí ó bá sì sọ pé ẹni tí a là kò rọbí, kò sì kúnlẹ̀, sọ fún un pé kí ó wá bá mi ní Ẹ̀pẹ́.

Físà ìyá rẹ kò tíì jáde. Bí kò bá dé kí ọjọ́ tó pé, jẹ́ kí ọkọ rẹ ti kọ́ ọbẹ̀ sísè, nítorí pé ẹni tí a là kì í gbé ohun wúwo fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà. Agbẹ̀bí yóò máa wá wò ọ́ nílé lẹ́yìn ìbímọ. Ṣílẹ̀kùn fún un, ìbáà jẹ́ pé ẹ kò tíì gbálẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan, ìyẹn ni mo sì fẹ́ kí o kà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀jẹ̀ lè yọ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, ó sì lè má dùn ọ́ rárá. Ìbáà ṣe díẹ̀, ìbáà ṣe òru, má pe ìyá rẹ, má pe èmi, má pe wòlíì. Pe 999. Nígbà tí ẹ bá ti wà nínú ọkọ̀, kí ọkọ rẹ wá pè wá.

Èmi ni bàbá rẹ.