Àkànní, Má Tíì Sanwó Amplifier Yẹn

Òkè-Fìà,
Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Àkànní,

Mo kí ọ púpọ̀, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ọyẹ́ yóò ti máa mú yín gan-an ní Jos báyìí, nítorí àwa tí a wà ní Òṣogbo pàápàá ti ń fi òrí ra ètè láàárọ̀. Mo gba lẹ́tà rẹ lánàá, mo sì bá ọ yọ̀ lórí Corolla tòkúnbọ̀ tí o rà. Ọkọ̀ á tù ọ́ lára, o kò ní fi ko àgbákò.

Ohun tí ó mú mi tètè jókòó ti bébà ni ọ̀rọ̀ amplifier, ẹ̀rọ tí ń fún ohùn lágbára, tí o sọ. O ní ẹni tí ó fẹ́ tà á fún ọ sọ pé 3000 wáàtì ni, pé wúfà (sípíkà ńlá tí ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde) yòówù tí o bá so mọ́ ọn yóò dún, àti pé kí o wá sanwó kí Sátidé tó kọjá. Àkànní, jọ̀wọ́, má tíì sanwó. Mo ti fara balẹ̀ wo àwòrán méjèèjì tí o fi sínú lẹ́tà náà, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ohun tí mo rí níbẹ̀ fún ọ, nítorí owó tí o fi òógùn ojú kó jọ ni, n kò sì fẹ́ kí ohun tí ó ṣe mí nígbà kan ṣe ọ́.

Ara wúfà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Òun ni ó ń sọ irú amplifier tí a óò rà, kì í ṣe páálí, kì í sì í ṣe ẹnu ọlọ́jà. Lẹ́yìn wúfà rẹ tí ó jẹ́ íńṣì 12 yẹn, lára mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo rí nǹkan mẹ́ta: 500 wáàtì RMS, 1500 wáàtì "max", àti "DVC 4" pẹ̀lú àmì óòmù. Gbójú kúrò lára 1500. RMS ni iye agbára tí wúfà lè máa gbà láti òwúrọ̀ di alẹ́ tí kò fi ní jóná. "Max" ni iye tí ó lè fara dà fún ìṣẹ́jú akàn, kí ó sì sinmi lójú ẹsẹ̀. Alágbàṣe kan lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti inú ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò torí ìyẹn ní kí ó rù ú láti Òṣogbo dé Ìkìrun. 500 yẹn ni kí o mú dání lọ sí ọjà, kí o sì máa wá amplifier tí RMS tirẹ̀ náà wà láàárín 500 sí 600. Bí ó bá fi díẹ̀ ju ti wúfà lọ, kò léwu rárá bí a bá ti tò ó dáadáa. Kódà, irú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, nítorí tí kò ní máa fipá ṣiṣẹ́.

Wàyí o, mú àwòrán kejì, kí o wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wáyà bátìrì ń gbà wọ inú amplifier náà. Fíúsì méjì ló wà níbẹ̀, yẹ́lò sì ni àwọn méjèèjì. Nínú irú fíúsì ọkọ̀ tí ó ní eyín pẹlẹbẹ méjì bẹ́ẹ̀, àwọ̀ yẹ́lò túmọ̀ sí 20 áńpíà, ìyẹn òṣùwọ̀n bí iná tí ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. Bí o bá sún mọ́ ọn, wàá rí 20 náà tí wọ́n tẹ̀ sí orí rẹ̀. Méjèèjì papọ̀ jẹ́ 40. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, iná inú rẹ̀ máa ń tó fọ́ọ̀tì 13.8 tàbí kí ó lé díẹ̀. Bí a bá sọ 40 di ìlọ́po 13.8, yóò jẹ́ 552 wáàtì, èyí sì ni iye tí ó lè máa wọlé kí fíúsì tó já. Kò tíì di ohùn o. Kò sí amplifier tí ń sọ gbogbo iná tí ó bá gbà di ohùn. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní class AB ń sọ nǹkan bí 60 nínú 100 di ohùn, class D sì ń sọ nǹkan bí 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru ni ìyókù ń dà. Nítorí náà, bí a bá tilẹ̀ fi ojú àánú wò ó, amplifier yẹn kò lè fún ọ ju 330 sí 440 wáàtì tòótọ́ lọ. Kí ó tó lè fún ọ ní 3000, yóò ní láti máa fa iná tí ó lé ní 270 áńpíà, bẹ́ẹ̀ ni alternator (ẹ̀rọ tí ń pèsè iná nínú ọkọ̀) tí Corolla bá wá kì í sábà ju 80 sí 100 lọ, tí iná iwájú, fáànù àti ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ sì ń jẹ nínú ìyẹn náà. Ìṣirò fíúsì yìí kò lè sọ iye wáàtì gan-an fún ọ, ṣùgbọ́n ó máa ń tú irọ́ ńlá fó lójú ẹsẹ̀, kódà kí a tó tan ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ óòmù ni ó máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, òun sì ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà jù. Óòmù ni òṣùwọ̀n bí wúfà ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Bí óòmù bá ṣe kéré tó ni iná tí yóò máa ya jáde láti inú amplifier yóò ṣe pọ̀ tó, gẹ́gẹ́ bí omi ṣe ń ya lẹ́nu kèrègbè tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju bí ó ṣe ń kán lẹ́nu àdó lọ. DVC tí wọ́n kọ sí ara wúfà rẹ túmọ̀ sí pé kọ́ìlì méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ óòmù 4. Bí a bá so wọ́n tẹ̀lé ara wọn, tí négétíìfù ti èkíní wọ inú pọ́sítíìfù ti èkejì, óòmù 8 ni amplifier yóò rí. Bí a bá so pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, tí a sì so négétíìfù mọ́ négétíìfù, óòmù 2 ni yóò rí. Kò sí bí a ṣe lè rí óòmù 4 lára wúfà yẹn bí kọ́ìlì méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́, nítorí náà bí rìwáyà kan bá sọ fún ọ pé òun lè ṣe é, má jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ.

Óòmù 2 ni yóò dára fún ọ, nítorí ní óòmù 8 ọ̀pọ̀ agbára amplifier yóò kàn wà níbẹ̀ láìwúlò ni. Ìbéèrè tí wàá máa bi àwọn ọlọ́jà, nígbà náà, ni pé, "Wáàtì RMS mélòó ni ó ń gbé jáde ní óòmù 2?" Bí wọ́n bá kọ 500 sí i tí wọ́n sì kọ óòmù 1 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ní tó 500 fún ìwọ. Bí ó bá sì jẹ́ amplifier ẹlẹ́nu méjì, ìyẹn èyí tí ojú ibi tí ohùn ń gbà jáde jẹ́ méjì, tí a ń pa ẹnu rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ dáadáa: ọ̀pọ̀ wọn ni kò gbọ́dọ̀ rí ohun tí ó kéré sí óòmù 4 bí a bá ti pa wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìdajì óòmù náà ni ẹnu kọ̀ọ̀kan ń rí. Bí o bá gbé óòmù 2 kọ́ ọn lọ́rùn, yóò gbóná, yóò tan iná pupa, yóò sì dákẹ́. Èyí tí kò bá dákẹ́ ni yóò jóná.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fún ọ, nítorí n kò sọ ọ́ nínú lẹ́tà kankan rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra ọkọ̀, mo ra wúfà tí RMS rẹ̀ jẹ́ 400, mo sì lọ gbé amplifier kékeré kan sí i tí kò lè fúnni ju nǹkan bí 120 lọ. Ohun tí mo rò ni pé kékeré kò lè ba ńlá jẹ́. Bí kò ṣe dún tó bí mo ṣe fẹ́, mo mú iṣukurudíráfà, mo yí gain, ibi tí a ti ń mú amplifier bá agbára ohùn rédíò mu, dé òpin, mo sì yí bass boost, èyí tí ń fi kún ohùn ìsàlẹ̀, dé òpin pẹ̀lú. Ọ̀nà Ìlobùú ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ òórùn kan tó ń ti búùtù bọ̀, bí ìgbà tí a gbàgbé áyọ́ọ̀nù lórí aṣọ. Mo dúró, mo ṣí búùtù, mo sì rọra fi ìka mẹ́rin tẹ àárín bébà wúfà náà wọlé. Ó ń ha gìrì-gìrì bí ìgbà tí a ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kọ́ìlì rẹ̀ ti jóná.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni pé bí a bá ni amplifier lára ju agbára rẹ̀ lọ, orí ohùn tí ó ń gbé jáde máa ń gé, tí yóò wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Lórí gíga tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn, agbára tí ó ń lọ sínú kọ́ìlì á pọ̀ ju iye tí wọ́n kọ sí ara amplifier lọ, bass boost á sì tún bù kún un: bí o bá fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó) 6 kún ohùn ìsàlẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin agbára ni o ń béèrè ní ibi ohùn náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí amplifier tó wúfà tàbí kí ó fi díẹ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n má ṣe torí pé ẹnì kan ní 700 sàn ju 600 lọ kí o fi owó ṣòfò o. Bí a bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì gan-an, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré ni ohùn fi ń lé sí i. Láti 500 sí 600 kò tilẹ̀ tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 1, etí kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ kí o ra class D ẹlẹ́nu kan, èyí tí wọ́n ń pè ní monoblock. Kò tóbi, kì í gbóná jù nínú búùtù, kì í sì í fa iná ju bí ó ti yẹ lọ. Bí o bá rí CEA-2006 tàbí CTA-2006 tí wọ́n kọ sí ìwé rẹ̀, ọkàn rẹ lè balẹ̀ díẹ̀, nítorí òǹtẹ̀ yẹn túmọ̀ sí pé ìlànà kan náà ni a fi wọn wáàtì rẹ̀, ní fọ́ọ̀tì 14.4, láìjẹ́ kí ìdíbàjẹ́ ohùn ju 1 nínú 100 lọ. Ọdún 2003 ni wọ́n gbé ìlànà náà jáde. N kò rí òǹtẹ̀ náà lára èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ.

Irú amplifier 500 bẹ́ẹ̀ yóò máa fa nǹkan bí 45 áńpíà bí ó bá ń ṣiṣẹ́ tagbára-tagbára, alternator rẹ yóò sì lè gbà á mọ́ra, nítorí orin kì í wà lókè gíga ní gbogbo ìgbà. Wáyà géèjì 4 ni kí o rà. Kí o tó sanwó rẹ̀, fi abẹ ha orí rẹ̀ díẹ̀: bí inú rẹ̀ bá funfun bí abọ́ alumíníọ́ọ̀mù, alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n kàn fi bàbà bò lójú ni, bí ó bá pupa dé inú, bàbà gidi ni. Fi fíúsì 60 áńpíà sí ẹ̀bá bátìrì, kí ó má jìnnà ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, nítorí wáyà ni fíúsì yìí ń dáàbò bò kí iná má baà jó ọkọ̀. Ibi tí wọn yóò de wáyà négétíìfù mọ́ lára ọkọ̀, kí wọ́n ha ọ̀dà rẹ̀ títí irin yóò fi dán. Wáyà tí ń gbé ohùn bọ̀ láti ara rédíò, ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀ ni kí wọ́n gbà á, kí ó má baà máa hu bí kòkòrò bí o bá ń tẹ epo ọkọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ta kapásítọ̀, agolo tí ń tọ́jú iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, mọ́ ọn fún ọ, má rà á. Kì í pèsè iná kún iná.

Bí wọ́n bá ti parí, má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi etí lásán yí gain, nítorí gain kì í ṣe bọ́tìnnì ariwo. Yọ wáyà wúfà kúrò, sọ bass boost di òdo, gbé ohùn rédíò dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí o sì fi ohùn ìdánwò 50 Hz (ohùn ìsàlẹ̀ tí ń gbọ̀n ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sí i. Fi mítà tí a fi ń wọn iná sí ẹnu ibi tí wúfà ti ń gba ohùn, ní apá AC, kí o wá máa rọra yí gain títí mítà yóò fi ka nǹkan bí fọ́ọ̀tì 31.6, nítorí wáàtì 500 ní ìlọ́po óòmù 2 jẹ́ 1,000, fọ́ọ̀tì 31.6 sì ni gbòǹgbò rẹ̀, ìyẹn iye tí a ń sọ di ìlọ́po ara rẹ̀ kí ó tó jẹ́ nǹkan bí 1,000. Fi fílítà rẹ̀, èyí tí ń dí ohùn òkè lọ́nà, sí 80 Hz, kí ohùn olórin má baà máa jáde láti búùtù.

Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé, bí o bá lè ní sùúrù dé Kérésìmesì tí o ń bọ̀ wálé, mo fẹ́ kí o gbé wúfà náà wá. Rìwáyà mi wà ní Ọlá-Ìyá, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, mítà mi sì wà nínú ilé. Ṣùgbọ́n bí o bá rí òmíràn kí o tó dé, ya àwòrán ẹ̀gbẹ́ tí fíúsì wà àti ibi tí wọ́n kọ óòmù sí, má ya páálí, kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó san kọ́bọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àdìgún